Ẹsẹ̀ Mẹ́sàn-án

Ojú fóònù Nímọ́tà ti là,
ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá bí ọ̀nà eèrà lára ògiri.
Orí rẹ̀ la ti ń wo kátúùnù àwọn ará Jàpáànù
lálẹ́ ọjọ́ tí nẹ́pà mú iná lọ ní Òkèlele,
tí ẹ̀fọn ń yùn létí wa.

Mo ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kí lèyí?
Ọmọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ tán, ẹnu rẹ̀ ṣì ń mì.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ó ń yọ̀ lórí títì bí ọṣẹ.
Ojú tó gbé wọlé kọ́ ló gbé jáde:
imú ti sún, etí kan ti sọnù.
Ẹni tó ya èyí, ṣé oorun ń kùn ún ni,
àbí owó iṣẹ́ ló tán lọ́wọ́ ọ̀gá?"
Ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹ dákẹ́. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kú."

Mo dákẹ́.
Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní àwòrán yíyà
nílé-ìwé kan lẹ́bàá Pàkátà:
ìlọ́po méje orí ni gbogbo ara;
ojú wà ní agbedeméjì orí, kò sí lókè;
ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n kí pẹ́ńsù tó kàn án.
Bírò pupa mi kì í gbẹ.

Ìyá náà kú.
Wọn ò tilẹ̀ ya ikú yẹn dáadáa.
Gbogbo àwọ̀ ṣá kúrò lójú àwòrán,
ó ku ìlà pẹ́ńsù lásán tó ń gbọ̀n,
bí ẹni pé ọwọ́ tó ń yà á ló ń sunkún.
Ọmọ náà sáré. Ara rẹ̀ fà bí rọ́bà,
apá rẹ̀ gùn ju títì lọ,
ojú rẹ̀ di ihò méjì.
Mo ń ka àṣìṣe. Mo ka mẹ́ta, mo gbàgbé iye.
Ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ mi yó, mi ò gbá a.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o.
Mi ò sọ pé gbogbo ohun tó wọ́ ló lọ́gbọ́n nínú.
Ibì kan wà níbẹ̀ tó burú, tó kàn burú ni:
ìjà orí afárá, tí ènìyàn mẹ́wàá dúró gbagidi bí òpó iná,
tí ẹnì kan ṣoṣo ń ju ẹ̀ṣẹ́.
Ọ̀lẹ nìyẹn, n ò ní bá a wá orúkọ mìíràn.
Ìyá mi mọ ìkòkò ní Dàda títí ó fi kú;
ó mọ èyí tó wọ́ tó ń gba omi,
ó mọ èyí tó wọ́ tó ń jò.
Ìka ló fi ń kàn án, yóò tẹ́tí.
Kò ní rúlà.

Lọ́jọ́ kejì Nímọ́tà gbé ìwé wá. Ẹṣin ló yà.
Mo ka ẹsẹ̀ rẹ̀: mẹ́sàn-án.
"Ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án wo ló wà n'Ílọrin?"
"Ó ń sáré ni."
Mo fi bírò pupa yí márùn-ún po.

Ọjọ́ iléyá, a dúró sí ìtòsí ààfin, oòrùn lórí wa.
Àwọn ẹlẹ́ṣin já dé, eruku sọ,
obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn lójijì.
Funfun kan gba iwájú wa kọjá.
Mo ní kí n ka ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo rí mẹ́fà. Mo rí òfìfo. Mo rí mọ́kànlá.
Ìgbà tó dúró, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ,
ni mẹ́rin tó wà nínú ìwé mi padà sí abẹ́ rẹ̀,
bí ọmọ ilé-ìwé tó gbọ́ agogo.
Nímọ́tà ò wojú mi.
Gúgúrú ló ń jẹ.

Ìwé náà ṣì wà lórí tábìlì mi.
Bírò pupa ò ṣeé pa rẹ́, mo ti fi itọ́ gbìyànjú, ó ya.
Lánàá mo wá pẹ́ńsù,
mo fi ẹsẹ̀ kẹwàá kún un.
Kò dára tó tirẹ̀. Mo tún fi rúlà yà á.